Bí A Ṣe Ń Dá Ẹyẹ Etí Omi Tó Ṣìnà Mọ̀, àti Ohun Tó Yẹ Kí A Ṣe Bí A Bá Rí I

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, àwọn ẹyẹ etí omi tó lọ yé ẹyin ní ìpẹ̀kun àríwá ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í dé etíkun wa. Wọ́n á fọ́n sí iyanrìn Badagry, sí ẹrẹ̀ ọ̀sà Èkó, sí adágún Nokoué lẹ́bàá Cotonou, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin. Àwọn yẹn kọ́ ni mo ń bá lọ. Ẹyọ kan tó lè wà láàárín wọn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: ẹyẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Brasil tàbí Argentina lásìkò yẹn, tí òun nìkan wá ń jẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ẹni tó rí i mọ ohun tó rí, kó sì lè fi yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣìnà

Ẹ má fo apá yìí, torí òun ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti wò àti ìgbà tí ẹ ó wò.

Irú ẹyẹ Amẹ́ríkà méjì, American Golden Plover àti White-rumped Sandpiper, máa ń gbéra láti ìhà ìlà-oòrùn Kánádà àti Amẹ́ríkà, wọ́n á sì gba orí òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò síbi ìsinmi lójú ọ̀nà. Bí ìjì bá ká wọn mọ́ ojú òkun, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ á gbé wọn lọ sí ìlà-oòrùn. Àwọn tí kò bá bá omi lọ á balẹ̀ sí Ireland, sí ìwọ̀-oòrùn Bìrìtéènì, tàbí sí àwọn erékùṣù Azores ti ilẹ̀ Potogí. Ní Terceira, ọ̀kan lára Azores, kòtò kan wà ní Cabo da Praia tí wọ́n ti wa òkúta nígbà tí wọ́n ń kọ́ èbúté. Omi òkun ń jò wọ inú rẹ̀, ó ń kún, ó sì ń fà. Kò sí ibòmíràn ní Yúróòpù tí òkìkí rẹ̀ tó tibẹ̀ ní ti ẹyẹ etí omi láti Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn ń wọ bàálù lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, torí kòtò òkúta lásán!

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ọmọ ẹyẹ. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, àwọn òbí á ti lọ kí àwọn ọmọ tó gbéra. Kò sẹ́ni tó máa mú wọn dání. Ohun tí wọ́n jogún, pẹ̀lú oòrùn, ìràwọ̀ àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé, ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Bí ìmọ̀ yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, ẹyẹ tó yẹ kó kọjú sí gúúsù á kọjú síbòmíràn, á sì máa fò lọ láìṣiyèméjì. Nítorí náà, ọmọ ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣìnà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò ṣeé ṣe kí ẹyẹ kékeré fò dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 2022, Bar-tailed Godwit kan tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lára fò láti Alaska dé Tasmania, 13,560 kìlómítà láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, láìbalẹ̀ rárá. Ibi tí Brasil àti Áfíríkà ti súnmọ́ra jù kò ju nǹkan bí 3,000 kìlómítà lọ.

Bí ẹyẹ Amẹ́ríkà bá ti bọ́ sí ìhà tiwa lórí omi, ó máa ń darapọ̀ mọ́ àwọn tó bá níbẹ̀. Wọ́n á jọ sọ̀kalẹ̀ gba Banc d'Arguin ní Mauritania, níbi tí ẹyẹ etí omi tó lé ní mílíọ̀nù méjì ti ń lo ìgbà òtútù, wọ́n á kọjá Senegal àti Guinea-Bissau, wọ́n á máa bọ̀ lọ́nà Gánà. Ìdí nìyí tí kò fi wúlò kí ẹni tó wà ní Èkó máa dúró de ìjì. Ará wa tó ń gbé ní Cornwall ní Bìrìtéènì tàbí Galway ní Ireland ló yẹ kó máa tẹ́tí sí ìròyìn ojú ọjọ́, kó jáde ní ọjọ́ kejì ìjì lóṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò náà lè yọjú lẹ́yìn oṣù méjì, lọ́jọ́ tí ewé kankan kò mì.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ onílé

Ẹni tí kò mọ onílé, níbo ni yóò ti mọ àlejò? Ẹ fi odindi àsìkò kan, láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kẹta, kọ́ àwọn tó wọ́pọ̀: Common Sandpiper, Wood Sandpiper, Greenshank, Whimbrel, Grey Plover, Ringed Plover, Sanderling, Little Stint, Curlew Sandpiper. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ẹni tó ń wá ohun ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbùjá.

Common Sandpiper ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà létí gọ́tà ńlá, lábẹ́ afárá, lórí ọkọ̀ ojú omi tó ti jẹrà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, funfun yẹn sì gòkè wọ àárín àyà àti apá, níwájú èjìká. Ìdí rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń rìn ló ń jù ú sókè sódò. Bí ẹ bá lé e, á fò pẹ̀lẹ́bẹ̀ lórí omi, á gbọn apá wìrìwìrì, á na apá náà gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún gbọ̀n ọ́n. Ẹ wò ó títí ẹ ó fi lè dá a mọ̀ láìsí bínókúlà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìrù rẹ̀ nígbà tó bá dúró: ìrù yẹn gùn kọjá ṣóńṣó apá dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a ó padà sí i.

2. Ibi tí ẹ ó lọ, àti ìgbà

Ní Bìrìtéènì, ìwé àkókò ìkún àti ìfà òkun lọ̀gá. Nígbà tí omi bá ń kún, ẹrẹ̀ á máa tán, àwọn ẹyẹ á kóra jọ síwájú yín. Ẹ ti wà níbi tí ẹ ó jókòó sí ní wákàtí méjì ṣáájú kó tó kún tán. Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà kò ju nǹkan bíi mítà kan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú ọ̀sà. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni bí omi òjò ṣe ń fà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, ẹrẹ̀ tuntun á yọ, ẹyẹ á sì tẹ̀ lé e. Ẹ wo àwọn ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí tí wọn ò tíì kọ́lé sí, tí adágún òjò wà lórí rẹ̀. Ẹ wo pápá koríko kúkúrú pẹ̀lú: Buff-breasted Sandpiper, àlejò láti Amẹ́ríkà, kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ẹrẹ̀, koríko gbígbẹ ló fẹ́ràn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rí i ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àti pápá gọ́ọ̀fù.

Ohun méjì kí ẹ tó jáde. Ẹ má gbé bínókúlà tàbí kámẹ́rà lẹ́bàá bárékè ọmọ ogun ojú omi, èbúté, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú epo. Àlàyé pé ẹyẹ lẹ ń wò kì í tètè yé ẹni tó gbé ìbọn dání. Bí ẹ bá sì dé abúlé apẹja, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gùn tó ń ju àwọ̀n níbẹ̀ láti kékeré mọ ibi tí ẹyẹ ń sùn bí omi bá kún, yóò sì sọ fún yín bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ bi í. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

3. Ẹ ka agbo náà, ẹ má kàn wò ó

Ẹni tó bá kàn ń wo agbo á rí agbo. Ẹni tó bá ń kà á, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á kọjá lójú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sósì, ẹ dúró lórí èyíkéyìí tí ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí bó ṣe ń jẹun kò bá ti àwọn yòókù mu. Ẹyẹ tó ṣìnà máa ń dá jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ agbo nígbà míì, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣòfin. Mìíràn wà láàárín gbùngbùn.

4. Bí ẹ bá rí i: ẹ dúró, ẹ kọ ọ́

Ẹ má sáré súnmọ́ ọn, ẹ má sì ṣí ìwé. Bí ẹ bá ti ṣí ìwé, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ mú bírò tàbí fóònù, ẹ kọ ohun tó wà níwájú yín. Bí mo ṣe ń tò ó nìyí: ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ mọ̀ dájú, bí àgógó rẹ̀ ṣe gùn sí orí, ṣé ó tọ́ tàbí ó tẹ̀, àwọ̀ ẹsẹ̀, ṣóńṣó apá, ṣé ó kọjá ìrù àbí kò dé e, ilà tàbí àmì tó wà láyà, àti ibi tó parí sí, ìyẹ́ ẹ̀yìn, ṣé etí kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní bíi ti ọmọ ẹyẹ tàbí ó ti gbó. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró kó fò. Ìbàdí àti abẹ́ apá ló máa ń parí ẹjọ́. Bó bá dún, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ìgbì òkun wà níbẹ̀.

Irú àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti kà rí báyìí:

*"Ẹyọ kan, pẹ̀lú Common Sandpiper mẹ́ta. Ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ó kúrú lẹ́yìn: ìrù kò fi bẹ́ẹ̀ yọ kọjá apá. Ẹsẹ̀ yẹ́lò nínú oòrùn, yẹ́lò náà ni nínú òjìji. Kò sí ilà dúdú wẹ́wẹ́ létí ìyẹ́ gígùn tó bo ẹ̀yìn apá. Ó ń ju ìdí. Nǹkan bí ogójì mítà, oòrùn wà lẹ́yìn mi. N kò rí ilà funfun inú apá rẹ̀ dáadáa nígbà tó fò."*

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹni tó bá sọ ohun tí kò rí, mo lè gba ohun tó ní òun rí gbọ́.

5. Àwọn tó jọra

Ẹyẹ inú àpẹẹrẹ yẹn, Spotted Sandpiper ni. Ìbejì Common Sandpiper ni, Àríwá Amẹ́ríkà ló ti ń yé ẹyin. Orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ, torí pé ní àsìkò tó lè dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí tótòtó kankan láyà rẹ̀. Ìrù kúkúrú, ẹsẹ̀ yẹ́lò, etí ìyẹ́ tí kò ní ilà, àti ilà funfun inú apá tó kúrú ju ti Common: ẹ kó gbogbo wọn jọ. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó.

Lesser Yellowlegs (àlejò) àti Wood Sandpiper (onílé): àwọn méjèèjì ní ìbàdí funfun. Ẹsẹ̀ ti Lesser Yellowlegs gùn, ó sì yẹ́lò gidi. Apá rẹ̀ gùn kọjá ìrù. Ilà funfun òkè ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ẹ̀yìn ojú, nígbà tí ti Wood Sandpiper gùn dé ẹ̀yìn orí. Bí funfun ìbàdí bá gòkè wọ àárín ẹ̀yìn, tó rí ṣóńṣó lókè, ẹ gbàgbé méjèèjì, Greenshank tàbí Marsh Sandpiper lẹ̀ ń wò.

Grey Plover pọ̀ létíkun wa. Bó bá fò, abíyá rẹ̀ dúdú kirikiri, ìbàdí rẹ̀ sì funfun. Bí abíyá bá ní àwọ̀ eérú, tí ìbàdí sì ṣú, American Golden tàbí Pacific Golden Plover ni, àlejò sì ni méjèèjì. Láti yà wọ́n, ẹ ya fọ́tò apá tó pa dé, kí ẹ ka iye ṣóńṣó ìyẹ́ tó yọ kọjá ìyẹ́ tó bò ó: mẹ́rin sí márùn-ún fún ti Amẹ́ríkà, méjì sí mẹ́ta fún Pacific.

Little Stint (onílé) àti Semipalmated Sandpiper (àlejò), ẹsẹ̀ dúdú làwọn méjèèjì. Àgógó Little Stint rí ṣóńṣó. Ti ìkejì nípọn, ìpẹ̀kun àgógó náà kújú. Awọ kékeré tún so ìka ẹsẹ̀ Semipalmated pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí ìyẹn, ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ruff ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù. Akọ rẹ̀ tóbi ju abo lọ púpọ̀, àwọ̀ wọn kò bára mu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní àwọ̀ iyanrìn láyà, nítorí náà wọ́n ti pè é ní Buff-breasted Sandpiper àìmọye ìgbà. Nígbà tó bá fò, funfun gbọọrọ wà lọ́tùn-ún lósì ìbàdí Ruff. Buff-breasted kò ní i. Pectoral Sandpiper, tó jẹ́ ẹyẹ etí omi Amẹ́ríkà tí wọ́n ń rí jù ní Bìrìtéènì, ní ilà wẹ́wẹ́ láyà tó dúró gbọnrangandan níbi tí ikùn funfun ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé e. Ruff kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

6. Ohun tó ń tan ojú

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń sọ ẹsẹ̀ àwọ̀ ewé di yẹ́lò. Ẹrẹ̀ máa ń sọ ẹsẹ̀ yẹ́lò di dúdú. Ìyẹ́ tó ti gbó máa ń ṣá. Ẹyẹ tó kó ara jọ nítorí afẹ́fẹ́ á dà bí ẹni pé ó kéré, tàbí ọrùn rẹ̀ kúrú. Ẹ wò ó léraléra, nínú ìmọ́lẹ̀ tó yàtọ̀ síra. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ pe ẹnìkan tó lójú, ẹ má sì sọ orúkọ tí ẹ fún ẹyẹ náà kí òun náà tó wò ó.

7. Fọ́tò, fídíò, òrùka ẹsẹ̀

Fóònù tí ẹ gbé lé ojú bínókúlà tàbí tẹlisíkóòpù tó. Fídíò sàn ju fọ́tò lọ, torí ẹ lè dá a dúró níbi tó bá ti na apá. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ mìíràn tó wọ́pọ̀ wà nínú àwòrán kan ó kéré tán, kí a lè mọ ìwọ̀n. Fọ́tò tó ṣú, tó sì hàn pé abíyá dúdú, wúlò ju èyí tó dán tí ẹyẹ kàn dúró. Áàpù bíi Merlin lè dá orúkọ lábàá fún yín. Àbá ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ wo ẹsẹ̀ fún òrùka tàbí àsíá kékeré. Nínú ètò tí wọ́n jọ ń lò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì, àsíá funfun jẹ́ ti Kánádà, àwọ̀ ewé ti Amẹ́ríkà, búlúù ti Brasil, pupa ti Chile, àwọ̀ ọsàn ti Argentina. Ẹ kọ àwọ̀ náà, ẹsẹ̀ tó wà (ọ̀tún tàbí òsì ti ẹyẹ, kì í ṣe tiyín), bóyá òkè orúnkún ni tàbí ìsàlẹ̀, àti lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá bá òkú ẹyẹ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí àrùn. Ẹ ya fọ́tò òrùka náà yí po.

8. Ẹni tí ẹ ó sọ fún

Ní Nàìjíríà, ẹ lè fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lórí eBird, ìkànnì tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ jọ sí, tàbí lórí áàpù BirdLasser tí Nigerian Bird Atlas Project, ètò tó ń ya àwòrán ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń lò. Bí ẹyẹ náà bá ṣọ̀wọ́n, eBird á béèrè àlàyé. Ẹ da ohun tí ẹ kọ ní etí omi síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má tún un ṣe kó dùn. Ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní APLORI wà ní Jos, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú sì wà níbẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹyẹ ní àgbègbè yín lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Àwọn ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n jù ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ BBRC, tó ti ń yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò láti ọdún 1959.

Ẹ má bínú bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹyẹ etí omi kan tó ń jẹ́ Slender-billed Curlew. Merja Zerga ní Mòrókò ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn lọ́nà tó fìdí múlẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1995. Lọ́dún 1998, wọ́n rí ẹyẹ kan ní Druridge Bay ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní Slender-billed Curlew ni. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Lọ́dún 2025, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kéde pé irú ẹyẹ yẹn ti parẹ́. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní fọ́tò lọ́wọ́ bá lè yí ohùn padà, kí ni ti èmi àti ẹ̀yin?

9. Ẹ ṣọ́ ẹni tó máa gbọ́

Kò yẹ kí gbogbo ayé mọ ibi tí ẹyẹ wà lọ́jọ́ tí ẹ rí i. Lọ́dún 2011, Whimbrel méjì tí àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ lára, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Machi àti Goshen, la ìjì kọjá lórí Àtìláńtíìkì, wọ́n sì balẹ̀ sí erékùṣù Guadeloupe ní Karíbéánì. Ìbọn ọdẹ ló pa àwọn méjèèjì. Níbi tí wọ́n bá ti ń dẹ okùn tàbí àwọ̀n fún ẹyẹ, ẹ fi orúkọ agbègbè nìkan sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì fi ojúlé ibẹ̀ gan-an ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Bí èrò bá wá wò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e. Ẹyẹ tó bá ń na ọrùn tó sì dáwọ́ oúnjẹ dúró ti ń sọ fún yín pé ẹ ti súnmọ́ jù. Ẹ fà sẹ́yìn títí yóò fi padà sẹ́nu oúnjẹ.

Ẹ padà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i kẹ́yìn sílẹ̀ bí ẹ ti kọ ti àkọ́kọ́. Àwọn kan nínú wọn máa ń lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lójú kan, wọ́n sì lè padà sí ẹrẹ̀ kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá tún bá irú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tuntun, kí ẹ sì sọ nínú àlàyé pé ẹ fura pé ẹyẹ àtijọ́ ni.